Bí ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ ìdílé dé abúlé tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá ní Ireland

Olùkọ́ ọmọ mi obìnrin ló dá a sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì òun kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn wá, níhà bàbá àti níhà ìyá. Tèmi ò gba àsìkò. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi nílé lórí fóònù, oríkì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó rí báírò wọ́n ti ka ìran márùn-ún sílẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ agboolé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fẹ́ ìyàwó. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni iṣẹ́ wà. Ọmọ Ireland ni. Ìyá ọkọ mi mọ bàbá tó bí wọn, wọ́n mọ bàbá àgbà wọn tó ń jẹ́ Michael, ó tán síbẹ̀. "Clare ni wọ́n ti wá, Kilmurry kan báyìí," ni màámi wí, wọ́n sì tún bu tíì sínú ife.

Ọdún kan àtààbọ̀ ló gbà mí kí n tó mọ Kilmurry tí wọ́n ń wí. Ọ̀nà tí ǹ bá tọ̀ ká ní ẹnì kan ti là á sílẹ̀ fún mi ni mo kọ síbí, fún ẹni tó fẹ́ ọmọ Ireland, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ̀ mọ́ ti Irish, tàbí ẹnikẹ́ni tí irú ìwádìí yìí bá já lé lọ́wọ́.

Ohun kan ni kí ẹ dì mú: ẹ wá ibùgbé kí ẹ tó wá orúkọ. Bí ọmọdé bá wọlé nílé wa tó ní Adéwálé lòun ń jẹ́, àgbà ò ní béèrè irú Adéwálé tó jẹ́. "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" ni wọ́n máa bi í. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn ní ìgbèríko Ireland. Nínú páríìṣì kan ṣoṣo ní ìwọ̀-oòrùn Clare, ẹ lè bá Michael márùn-ún tí orúkọ ìdílé wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìyàwó mẹ́ta nínú wọn tún ń jẹ́ Mary. Bí ẹ bá fi orúkọ nìkan wọlé, òkú olókùú lẹ máa gbé rù.

Ẹ fi àgbà ṣáájú kọ̀ǹpútà

Ẹ má kàn bi àwọn àgbà pé kí lorúkọ bàbá àgbà wọn. Ẹ bèèrè ta ló ń gbé ilé tó kángun sí tiwọn, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbọ́ Máàsì, ibi tí wọ́n ń sin òkú wọn sí, ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, àti orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ará àdúgbò ń pe ilé yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n gbé agolo bisikíìtì jáde. Gbogbo ilé arúgbó tí mo ti wọ̀ ní Ireland ló ní agolo kan tí bisikíìtì ti kúrò nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí fọ́tò àti ìwé ti gba ipò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá níbẹ̀ ni káàdì òkú. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n máa ń tẹ káàdì kékeré kan, fọ́tò olóògbé lójú kan, àdúrà lójú kejì, tí àwọn ẹbí ń há sáàárín ìwé Máàsì wọn. Nínú agolo ti màámi, ọ̀kan wà tí etí rẹ̀ ti jẹ. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀: Tromra. Màámi ò mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ orúkọ ẹṣin. A jọ rẹ́rìn-ín, mo dá káàdì padà sínú agolo, mo sì fi oṣù mẹ́fà jẹ̀yà ìwà àìbìkítà yẹn.

Bí ẹni tí ẹ ń wá bá ti ré òkun kọjá sí Amẹ́ríkà, "Ireland" lásán ni ọ̀pọ̀ ìwé ibẹ̀ máa kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ìwé ìròyìn Boston Pilot. Láti 1831 títí di 1921 ló ń gbé ìkéde àwọn tó ń wá ará wọn jáde: ìyá tó ń wá ọmọ, ìyàwó tó ń wá ọkọ tó ti lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n máa ń dárúkọ páríìṣì tí ẹni náà ti wá, nígbà mìíràn wọ́n á dárúkọ ilẹ̀ náà gan-an. Boston College ti kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ náà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fò kọjá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣubú. County méjìlélọ́gbọ̀n ló wà ní erékùṣù náà, Clare jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n gé county sí barony, wọ́n gé barony sí páríìṣì ìjọba, páríìṣì ìjọba sì pín sí townland. Townland yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta jákèjádò Ireland, òmíràn ò ju ilé mẹ́rin àti oko wọn lọ. Èmi máa ń wò ó bí agboolé pẹ̀lú oko rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti wà kí Gẹ̀ẹ́sì tó mú ìwọ̀n ilẹ̀ dé, òun náà sì ni wọ́n kọ sínú gbogbo ìwé tó ń bọ̀ níwájú yìí.

Páríìṣì ìjọba àti páríìṣì Kátólíìkì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ààlà wọn yàtọ̀, orúkọ wọn náà lè yàtọ̀. Ìpín mìíràn tún wà tó ń jẹ́ Poor Law Union, tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn òfin 1838 láti máa bọ́ àwọn aláìní. Àádóje ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n di 163 lẹ́yìn Ìyàn Ńlá ọdún 1845 sí 1849. Òun ni ìjọba tún lò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀, nítorí náà orúkọ ìlú tí ẹ máa rí lórí ìwé ìbí lè jẹ́ ìlú tí ẹsẹ̀ ẹni yẹn ò tẹ̀ rí.

Wàyí o, Kilmurry. "Kil" tó wà níwájú orúkọ púpọ̀ ní Ireland, "cill" ni lédè Irish, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì. Cill Mhuire ni Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà. Bí "bally" bá bẹ̀rẹ̀ orúkọ, "baile" ni, ibùgbé. "Knock" jẹ́ "cnoc," òkè. Ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ. Ẹni tó bá ní Kilmurry lòun ti wá dà bí ẹni tó ní Ìsàlẹ̀-Ọjà lòun ti wá. Ní Clare nìkan, Kilmurry Ibrickane wà létí òkun, Kilmurry McMahon wà lápá odò Shannon, Kilmurry Negaul wà níhà ìlà-oòrùn. Mo mú McMahon nítorí pé òun ni mo kọ́kọ́ rí. Mo sanwó fún ìkànnì kan tó ní gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, mo to ènìyàn mẹ́tàlélógún jọ, mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí páálí, mo gbé e lọ fún màámi ní ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn wọ̀, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ìyá mi àgbà ò jẹ́ Susan," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí Tromra. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú logainm.ie, ìkànnì orúkọ ibi ní Ireland, ó sì gbé e jáde: townland ni, ní barony Ibrickane, nítòsí Quilty, létí òkun Àtìláńtíìkì. Mo pa gbogbo mẹ́tàlélógún rẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ lo logainm.ie tàbí townlands.ie, kí ẹ kọ orúkọ townland, páríìṣì ìjọba, páríìṣì Kátólíìkì, barony àti Poor Law Union sórí bébà kan, pẹ̀lú àwọn townland tó bá a pààlà. Bí ẹ ò bá tíì ní townland, ẹ má jáyà. Ìwé ìjọba lè fún yín.

Ohun tí iná jẹ

Ní ọjọ́ 30 oṣù June 1922, nígbà ogun abẹ́lé, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí ní Four Courts ní Dublin bú gbàmù, ó sì jóná. Ìkànìyàn 1821 títí dé 1851 bá a lọ, àfi àjákù díẹ̀. Ìwé ìpíngún lọ. Ó lé ní ìdajì ìwé ìsàmì ìjọ Áńgílíkà tó lọ pẹ̀lú. Ìkànìyàn 1861 àti 1871 kì í ṣe iná ló jẹ ẹ́. Ìjọba fúnra wọn ló bà á jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á tán, wọ́n sì lọ ìwé ti 1881 àti 1891 kúnná nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan tó kù. Irọ́ ni. Ìwé Kátólíìkì ò sí níbẹ̀ rárá, ọwọ́ àwọn fádà ló wà nínú páríìṣì. Àwọn onímọ̀ sì ti ń ṣa àdàkọ ohun tó jóná jọ láti ilé ìkàwé mìíràn sórí virtualtreasury.ie, tí wọ́n ṣí ní 2022.

Ìwé ìjọba

Ọjọ́ kìíní oṣù January 1864 ni ẹnubodè. Láti ọjọ́ náà ni ìjọba ti ń kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe Kátólíìkì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1845. Irishgenealogy.ie ni kí ẹ lọ, ọ̀fẹ́ ni, ìjọba ló ni ín, ẹ ó sì rí àwòrán ojú ewé náà gan-an. Nítorí àṣírí àwọn tó wà láàyè, ìbí tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìgbéyàwó tó ti lé ní márùndínlọ́gọ́rin àti ikú tó ti lé ní àádọ́ta nìkan ni wọ́n ń fi hàn.

Ìgbéyàwó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìbí. Lórí ìlà kan ṣoṣo ẹ ó rí ọkọ, ìyàwó, townland tí oníkálukú ti wá, orúkọ bàbá méjèèjì àti iṣẹ́ wọn. Níbi ọjọ́ orí wọ́n sábà máa ń kọ "Full", ìyẹn ni pé ó ti tó mọ́kànlélógún; ẹ má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ ò bá mọ ọdún, ẹ rántí pé fádà kì í so yìgì nínú àwẹ̀ Lẹ́ńtì. January àti February ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀ jù ní ìgbèríko. Ṣọ́ọ̀ṣì ilé ìyàwó ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà bí ẹ ò bá rí i ní páríìṣì ọkọ, ẹ wo ti aládùúgbò.

Ìwé ìbí máa fún yín ní orúkọ tí ìyá ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀, ohun tó ṣeyebíye jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ ìbí ibẹ̀ búra. Òfin ní kí wọ́n wá forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá pẹ́. Bàbá tó bá ti pẹ́ kàn máa sún ọjọ́ ìbí síwájú ni. Ẹ ó rí ọmọ tí fádà ti sàmì fún ní March, tí ìjọba wá ní April ni wọ́n bí i. Fádà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìwé ikú ò dárúkọ òbí olóògbé, ó dun èèyàn. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni orúkọ ẹni tó lọ ròyìn ikú náà. Ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Tiwa wà ní Poor Law Union ti Kilrush, ṣùgbọ́n ẹ wo ti Ennistymon tó múlé tì í pẹ̀lú. Ààlà union ò bìkítà nípa ẹbí.

Alẹ́ ọjọ́ ìkànìyàn

Ìkànìyàn odindi tó pẹ́ jù tó kù délẹ̀ ni ti 31 March 1901, èyí tó tẹ̀lé e ni ti 2 April 1911. Méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Ireland. Ti 18 April 1926 ni ó tẹ̀lé wọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún tí òfin fi tì í pé ní April 2026. Ẹ fi townland wá a, kì í ṣe orúkọ, kí ẹ ka gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ kí ẹ tó mọ ta ni ará ta.

Ìwé 1911 ní ìbéèrè mẹ́ta kan fún obìnrin abilékọ: ọdún tó ti lò nílé ọkọ, iye ọmọ tó bí láàyè, iye tó ṣẹ́kù. Ní ti ìyàwó Michael, mẹ́tàdínlógún, mẹ́jọ, márùn-ún. Màámi fi ìka lé 8 àti 5 yẹn lórí kọ̀ǹpútà, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò gbọ́ rí pé àwọn mẹ́ta kan wà. Bí ẹ bá rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ mú orúkọ ìdílé náà, ẹ wá ikú ọmọdé nínú irishgenealogy.ie láàárín ọdún ìgbéyàwó sí 1911. A rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan lo ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá Michael tó ti di opó ń bá wọn gbé. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni ní 1901. Ní 1911 ó ti di mẹ́tàléláàdọ́rin. Ẹ má rò pé ẹlòmíràn ni. Láti January 1909 ni ìjọba ti ń fún ẹni àádọ́rin ọdún sókè ní owó ìfẹ̀yìntì, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀, àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1864 kò sì ní ìwé ìbí. Ṣé ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ọjọ́ orí wọn mọ́ ọdún ogun tàbí ọdún àjàkálẹ̀ àrùn? Ní Ireland, alẹ́ ìjì ńlá ọjọ́ 6 January 1839 ni. Arúgbó tó bá sọ pé òun rántí ìjì yẹn ti tó gbowó. Ẹ wo bí ìjì yẹn ṣe di ohun tí gbogbo ènìyàn rántí.

Ojú òpó kan tún wà fún èdè. Ìyá àgbà náà, wọ́n kọ "Irish and English". Michael náà bẹ́ẹ̀. Níwájú àwọn ọmọ, òfìfo, torí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ. Ilé kan ṣoṣo, ìran mẹ́ta, ojú ewé kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ ní Dublin àti Peckham mọ ohun tí mo rí.

Ìwé ìsàmì

Bí ẹ bá ti fẹ́ kọjá 1864, ọ̀dọ̀ fádà ni. Ilé ìkàwé àpapọ̀ Ireland ṣí registers.nli.ie ní July 2015: ìwé ìsàmì àti ìgbéyàwó páríìṣì Kátólíìkì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, títí dé nǹkan bí 1880, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àwọn ìlú ńlá, ìwé lè bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1700. Ní ìwọ̀-oòrùn tí òṣì pọ̀ sí, ó máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ti Kilmurry Ibrickane bẹ̀rẹ̀ ní 1839.

Kò sí àpótí tí ẹ ó kọ orúkọ sí níbẹ̀. Fọ́tò ojú ewé nìkan ni, ẹ ó sì máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìkànnì Findmypast àti Ancestry ti to orúkọ inú rẹ̀ fún àwọn tó bá sanwó. Ẹ lè lò wọ́n láti mọ oṣù àti ọdún, ṣùgbọ́n ẹ padà wá wo ojú ewé náà fúnra yín, torí ẹni tó to orúkọ yẹn lè má mọ U yàtọ̀ sí N.

Ojú ewé tí Michael wà ní 1868 ò wuni. Láti inú fíìmù dúdú àti funfun ni, tàdáwà ti mu bébà wọ ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ojú kejì sì hàn bí òjìji láàárín ọ̀rọ̀ tojú kìíní. Fádà náà ń kánjú. Ọjọ́, orúkọ ọmọ, bàbá, ìyá, lẹ́yìn náà "sp." àti orúkọ ènìyàn méjì. Àwọn méjì yẹn ni bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì, àwọn gan-an sì ni kí ẹ kọ sílẹ̀ ṣáájú ohunkóhun. Wọn kì í yan àjèjì. Ìyá ìsàmì Michael ní orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú ìyá tó bí i. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Ibi tí mo ti gba ọ̀nà àbúrò yẹn wọlé ni mo ti rí ilé tí ìyá Michael ti wá, townland mẹ́ta síra, nígbà tí ọ̀nà tààrà ti dí pa.

Látìnì ni fádà mìíràn ń kọ: Joannes ni John, Jacobus ni James, Gulielmus ni William, Brigida ni Bridget. Kí ẹ tó pinnu pé ẹni méjì ni ẹ rí, ẹ mọ àpèjẹ́ pẹ̀lú. Bridget lè di Biddy nílé, kó di Delia bó bá dé Amẹ́ríkà. Honora ni Nora. Jeremiah lè jẹ́ Darby. Orúkọ ìdílé náà ń rìn: O' àti Mac ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì tún padà wá lẹ́yìn 1900. Gabha jẹ́ alágbẹ̀dẹ lédè Irish. Mac Gabhann, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ di Smith. Ẹni tó bá ń wá McGowan tí kò wo Smith ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

Àṣà ìsọmọlórúkọ wọn tún lè ràn yín lọ́wọ́. Àkọ́bí ọkùnrin máa ń jẹ́ orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀, èkejì á jẹ́ ti bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Àkọ́bí obìnrin á jẹ́ orúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, èkejì á jẹ́ ti ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá to àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó lè méfò orúkọ àwọn òbí àgbà. Wọ́n lè sàmì fún àkọ́bí ọmọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ní páríìṣì ìyá rẹ̀, torí aboyún lè lọ bímọ sílé ìyá tirẹ̀.

Ìwé onílẹ̀

Láti 1847 sí 1864, Richard Griffith àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rin gbogbo Ireland láti díye lé ilẹ̀ àti ilé fún owó orí. Ti Clare jáde ní 1855. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí askaboutireland.ie pẹ̀lú máàpù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè rí oko náà lórí ilẹ̀ òde òní. Ẹni tó ń dáko níbẹ̀ ni wọ́n kọ, ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ àti iye owó. Ìyàwó àti ọmọ ò sí nínú rẹ̀.

Níbi tí orúkọ bá ti pọ̀ jù, òǹkọ̀wé máa ń fi orúkọ kékeré kan há sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: orúkọ bàbá, àwọ̀ irun, tàbí iṣẹ́. Bàbá Michael wà ní Tromra, òun àti ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Níwájú tiwa, wọ́n kọ "(Pat)". Ọmọ Pat. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta yẹn fún wa ní ìran kan sí i tí ìwé ìsàmì ò lè fún wa, torí wọ́n ti bí bàbá Michael kí ìwé Kilmurry tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú àkámọ́ sílẹ̀, ẹ ó tún lò ó.

Ṣáájú Griffith, ìwé ìdá mẹ́wàá wà, 1823 sí 1837, lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ National Archives. Owó tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún ìjọ Áńgílíkà ni, Kátólíìkì náà ń san án. Orúkọ àti ilẹ̀ nìkan ni, kò sí ìlú ńlá níbẹ̀, alágbàro tí kò nílẹ̀ ò sì sí. Bí Pat bá wà ní Tromra níbẹ̀, ẹ ti dúró ṣinṣin. Tiwa wà.

Ohun tó wà láàárín ìwé méjèèjì ni Ìyàn Ńlá, 1845 sí 1849, nígbà tí àrùn pa ànàmọ́ tí à ń pè ní "Irish" lọ́jà wa. Apá Kilrush jìyà ju ibi púpọ̀ lọ: wọ́n ń lé ayálégbé jáde, wọ́n ń wó òrùlé lé ilẹ̀ kí wọ́n má baà padà. Arthur Kennedy, tí ìjọba rán lọ bójú tó àwọn aláìní níbẹ̀ ní 1847, ló kọ àwọn tí wọ́n lé sílẹ̀ ránṣẹ́ sí London. Ilé ìkàwé county Clare ti gbé ìròyìn náà sórí clarelibrary.ie, pẹ̀lú Griffith, ìwé ìdá mẹ́wàá àti òkúta ibojì, lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò mọ county mìíràn tó lawọ́ tó wọn. Kennedy yìí kan náà ni, láti 1868 dé 1872, tó jókòó sí Freetown gẹ́gẹ́ bíi gómìnà gbogbo ìletò Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó gba oko lẹ́yìn Griffith, ẹ béèrè ìwé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ti Griffith, tí akọ̀wé máa ń fi tàdáwà aláwọ̀ mìíràn fa ìlà sí orúkọ olóògbé tí á sì kọ ti àrólé sókè. Ọdún tí orúkọ yí ni ọdún tí ẹ ó wá ikú sí. Ti Àríwá Ireland wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì PRONI, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wọn ní Belfast. Fún àwọn county tó kù, ẹ kọ̀wé sí Dublin.

Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wo dúchas.ie. Láàárín 1937 sí 1939, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ ìtàn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ townland. Ẹ lè bá ohùn ará ilé yín níbẹ̀.

Ẹ lọ síbẹ̀

Ẹ pe ọ́fíìsì páríìṣì ṣáájú, ẹ má yọ sí fádà lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Sunday. Fún ìwé tó lé ní 1880, àwọn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ fi nǹkan sínú àpótí ọrẹ. Bàtà òjò ni kí ẹ wọ̀. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ya fọ́tò òkúta ibojì, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá; ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ẹ má sì wọ oko olóko láìbéèrè.

Ní Tromra, bàbá arúgbó kan tó ń da màlúù ló dá wa dúró. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi ọmọdé lédè Irish níhà gúúsù yẹn, *Cé leis thú?* Ti ta ni ọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá náà fi bi ọmọbìnrin mi. Ọmọ dárúkọ ìdílé. Bàbá mi orí: ìdílé yẹn pọ̀ níbí bí koríko. Mo ní, "Ti Pat ni, sà." Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó nà án kọjá ẹ̀yìn àwọn màlúù sí ògiri òkúta kan tí èsìsì ti bò dé ọrùn, ó sì ní a lè gba ibi àlàfo ọgbà kọjá, kí a ṣọ́ra fún akọ màlúù.